Bàbá Rélùwéè àti Báńkì Aláwọ̀ Ewé

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin Bàbá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìbàfò. Èrò ò pọ̀. Àwọn tó wá dúró káàkiri nínú ọgbà, wọ́n jìnnà síra wọn, bí ẹni tí kò dá lójú pé ó yẹ kí òun wá. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wo sàréè náà títí wọ́n fi bò ó tán, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ó sì jáde láì kí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé ọ̀kan nínú àwọn èèyàn báńkì ni.

Rísíkátù, àkọ́bí Bàbá, ló bí mi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo dàgbà sí. Mi ò fẹ́ kọ ibi tí wọ́n bí wọn sí àti ilé-ìwé tí wọ́n lọ. Ìyẹn wà nínú ìwé pélébé tí àwọn àbúrò ìyá mi tẹ̀. Irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ kọ, nítorí àwọn kan ní Mọ̀wé àti Ìfọ̀ ṣì ń pè wọ́n ní olè, àwọn mìíràn sì ń pè wọ́n ní wòlíì Ọlọ́run. Wọn kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá mọ Bàbá, ó mọ aago wọn. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ní Ìfọ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó wá kọ́lé sí Ìbàfò nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó tí àwọn ará Èkó kàn ń bá kọjá. Kò sí ojú irin nítòsí wa, síbẹ̀ bí iṣẹ́ ni Bàbá ń jí lójoojúmọ́. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ kakí wọn fúnra wọn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn lọ̀ ọ́. Tó bá di agogo méje géérégé, wọ́n ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, wọ́n kọjú sí òpópónà márosẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Bàbá Rélùwéè.

Nígbà tí àbúrò ìyá mi ń ṣe yìgì, ìyàwó pẹ́. Agogo mẹ́wàá tí a dá kọjá, kò sí ìyàwó. Bàbá ní kí Lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àwọn ẹbí ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ. Wọ́n ní irú baba ọkọ wo nìyí, tí kò lè mú sùúrù fún ọmọbìnrin tó ń ṣe irun rẹ̀ lọ́wọ́? Bàbá ò gbé ohùn sókè. Wọ́n kàn wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní: "Ọkọ̀ tó bá dúró de ẹnì kan, ó ti já ẹgbẹ̀rún èèyàn kulẹ̀."

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní ibi tó ti rọ̀. Ìgbà kan tí mò ń bá wọn ká ewúro, wọ́n ṣàlàyé fún mi bí iṣẹ́ wọn ṣe rí. Wọ́n ní tí àwọn bá gbé àsíá sókè ní Ìfọ̀, ọkọ̀ tó gùn ju àdúgbò kan lọ á mì tìtì, á sì gbéra. "Ọwọ́ kan péré, Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè láàárín ewúro. Wọ́n wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Ní báyìí, tí mo bá gbé e sókè, ọlọ́kadà ló ń dúró."

Ibi tó rọ̀ yẹn ni Kúnlé ti rí wọn mú.

Ọmọ Lámídì ni Kúnlé. Lámídì sì jẹ́ alágbàárù tó ń gbẹ́rù lábẹ́ Bàbá ní ibùdókọ̀ Ìfọ̀. Ọmọ náà kàwé, ó ṣiṣẹ́ owó ní Èkó, ó wá padà dé pẹ̀lú mótò àti kóòtù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó ní, "Bàbá, àwọn báńkì ńlá wọ̀nyí ò mọ̀ wá. Tí mẹkáníìkì Ìbàfò bá wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló máa kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń wá. Mo fẹ́ dá tiwa sílẹ̀. A ó gba owó àwọn èèyàn wa, a ó fi ra ilẹ̀ àti ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, a ó sì máa pín èrè fún wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta."

Bàbá ní, "Kí ni tèmi níbẹ̀? Èmi àti ṣíà, ibo la ti pàdé?"

"Kí ẹ jẹ́ alága, Bàbá. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn jókòó kí àwọn èèyàn rí yín."

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan ni wọ́n fún ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Báńkì Aláwọ̀ Ewé ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi kùn ún láti òkè délẹ̀. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ wà ní Ìbàfò. Kò pẹ́, ó dé Mọ̀wé, ó dé Ọ̀fàdà. Nígbà tí wọ́n ṣí ti Ìfọ̀, fèrèsé yàrá alága kọjú sí ojú irin. Bàbá dúró síbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn sí gbogbo àwọn tó ń jẹ ìpanu, wọ́n ń nu ojú. Wọ́n sọ fún mi pé: "Ìfọ̀ ti tún mọ̀ mí."

Èmi náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti parí ilé-ìwé girama, mò ń dúró de yunifásítì, Kúnlé wá fún mi ní bùláòsì aláwọ̀ ewé, ó ní kí n jẹ́ kàṣíà. Èmi ni mò ń fún àwọn èèyàn ní fọ́ọ̀mù. Ní ìparí ọdún, kàlẹ́ńdà jáde, àwòrán Bàbá gba ìdajì rẹ̀, wọ́n wọ agbádá, wọ́n gbé ọwọ́ lé ọ̀pá. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí a kò kọ́ ọ sí láti Ìbàfò títí dé ẹnu ọ̀nà Kámpù, ibùdó àdúrà ńlá àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì.

Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, ò fi kọ́bọ̀ kan síbẹ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n ń tà. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń bọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a, wọ́n ń gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Bàbá bẹ̀ wọ́n títí, Bàbá tún bínú. Bàbá ní ojú ń ti àwọn pé ìyàwó alága gan-an ò sí nínú báńkì. Ìyá Àgbà ń fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. "Bàbá Rísí, ìrẹsì yìí, mo mọ oṣù tí wọ́n gbìn ín, mo mọ ẹni tó gbìn ín. Owó Kúnlé ńkọ́, oko wo ló wà?"

Ìjà kejì le ju ìyẹn lọ. Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wa àti Bàbá jọ dàgbà ni. Ó wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kọ̀ láti jókòó. Ó ní, "Mùráínà, èlé lẹ̀ ń jẹ." Bàbá ní, "Èrè ni, Lèmọ́mù. Òwò ni wọ́n ń fi owó náà ṣe." Lèmọ́mù ní, "Òwò wo? O ti rí i?" Bàbá ní ìlara ló ń da ọ̀rẹ́ àwọn láàmú. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ń gba iwájú mọ́ṣáláṣí wa kọjá lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí mìíràn, nínú oòrùn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Èmi ò gbàgbé ohun tí Lèmọ́mù fi sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kó tó lọ: "Owó tó kàn sùn tó fi bímọ, ta ni bàbá ọmọ náà?"

Màmá Tọ́pẹ́ wá sọ́dọ̀ wa ní báńkì ní ọdún tí nǹkan dùn jù. Opó ni, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní Mọ̀wé. Láti Èkó ló ti kó wá kí ó lè sún mọ́ Kámpù. Ó ti mọ ilé rẹ̀ dé òkè, páànù ló kù. Ó dúró níwájú mi pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.

"Sísítà, ṣé ó dá yín lójú? Owó páànù mi ni o."

Mo nawọ́ sí àwòrán ara ògiri. "Bàbá mi nìyẹn. Ilé wa ò jìnnà, ẹ lọ bá wọn."

Ó lọ lóòótọ́. Bàbá ló sọ ọ́ fún mi nígbà oúnjẹ, inú wọn dùn pé obìnrin náà wá láti béèrè. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé: "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ọkọ̀ yìí, èmi ni mo gbé àsíá fún un."

Nígbà tó ṣe, èrè oṣù mẹ́ta kan pẹ́. Kúnlé ní kọ̀ǹpútà ló ń dá wa dúró. Èyí tó tẹ̀ lé e ò dé rárá. Fóònù Kúnlé ń dún, kò gbé e. Lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo wọ bùláòsì aláwọ̀ ewé mi lọ sí ibi iṣẹ́, mo bá àgádágodo tuntun lára géètì, àwọn èèyàn sì ti kún títí dé etí títì. Ẹnì kan di ọwọ́ aṣọ mi mú, ó ní kí n ṣílẹ̀kùn. Mi ò ní kọ́kọ́rọ́. Ó wò mí, ó tún wo aṣọ tí mo wọ̀, kò gbà mí gbọ́.

Agogo méje lu, Bàbá dé nínú kakí tí wọ́n lọ̀. Èrò là sí méjì fún wọn. Mo rí ìrètí lójú àwọn èèyàn náà, wọ́n rò pé kọ́kọ́rọ́ dé. Bàbá rìn dé géètì, wọ́n di àgádágodo náà mú, wọ́n mì í lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yíjú padà. Mẹkáníìkì kan tí a mọ̀ dáadáa ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni alága. Níbo ni owó wa wà?"

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé lọ́dọ̀ Bàbá, mi ò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní: "Mi ò mọ̀."

Ohun tí a wá gbọ́ lẹ́yìn náà ò ju báyìí lọ: ṣíà tí wọ́n rà ti já lulẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n rà ní ẹjọ́ nínú, ó sì ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni Kúnlé fi ń san èrè fún àwọn tó ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti sọdá òkun. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò tún fojú kàn án.

Kúnlé rí ọ̀nà lọ. Bàbá ò rí. Láti ọjọ́ kejì ni àwọn èèyàn ti ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọn ò lu ẹnikẹ́ni, wọn ò fọ́ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń jókòó. Ẹni tó kọ́kọ́ dé á gba àga Bàbá, àwọn yòókù á jókòó sórí pèpéle, sórí àtẹ̀gùn, sórí búlọ́ọ̀kù. Bàbá wà nínú pálọ̀, lẹ́yìn kọ́tìnì, wọ́n wọ kakí wọn, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń wúkọ́ lójúde. Ìgbà tó yá wọn ò ṣí fèrèsé mọ́. Ilé gbóná bí ààrò. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, wọ́n á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fetí sílẹ̀.

Tí wọ́n bá sì jáde sígboro, ojú ara wọn ló ń wò wọ́n láti ara gbogbo ògiri. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ kan. Kàlẹ́ńdà báńkì wà lókè dígí, Bàbá tó wọ agbádá ń wo Bàbá tí wọ́n da aṣọ funfun bò. Bàbá fara dà á títí orí wọn fi dé ìdajì. Wọ́n wá rọra ní, "Jọ̀ọ́, bá mi yọ ìyẹn kúrò." Onígbàjámọ̀ náà ní owó nínú báńkì. Kò dá abẹ dúró. "Bàbá, ọdún ò tíì parí."

Màmá mi gbé mótò wá láti Èkó ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá nítorí ìrun. Wọ́n ti di ẹrù Bàbá sínú báàgì kí Bàbá tó mọ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Mótò wà lẹ́yìnkùlé." Bàbá jókòó, wọn ò mira. "Rísí, ọ̀gá ibùdókọ̀ kì í wọkọ̀ sá lọ nígbà tí èrò ṣì wà nílẹ̀." Màmá mi bú sẹ́kún. Wọ́n ní ìgbéraga ni, wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti gbọ́njú ni Bàbá ti ń fi rélùwéè dá gbogbo ọ̀rọ̀ lóhùn. Títí di òní, mi ò lè sọ pé irọ́ ni màmá mi pa. Nígbà tí màmá mi ń tú báàgì náà padà, wọ́n ní: "Àwa náà wà nínú ilé yìí pẹ̀lú yín, Bàbá."

Ìyá Àgbà ló jẹ́ kí a lè mí. Wọ́n ń se ìrẹsì fún àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá bínú, wọ́n ní ṣé àlejò ni àwọn yẹn? Ìyá Àgbà ní, "Ẹni tí owó rẹ̀ há, kí ebi má tún pa á mọ́ ọn." Wọn ò fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ gún Bàbá lára rí. Mo bi wọ́n nílé ìdáná pé, "Ìyá Àgbà, ẹ ti sọ fún wọn, kí ló dé tí ẹ ò rán wọn létí?" Wọ́n bomi sí ìkòkò, wọ́n bò ó. "Mo ti sọ ọ́ nígbà tó wúlò."

Bàbá lo ọdún díẹ̀ sí i lẹ́yìn náà. Wọ́n padà sí mọ́ṣáláṣí Lèmọ́mù, ó sì gbà wọ́n. Àwọn tó ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dín kù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò rí owó wọn gbà. Bàbá ò kúrò ní Ìbàfò fún alẹ́ ọjọ́ kan títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ṣe nínú ọdún tí báńkì wó, òun ni mo rò pé ó sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, òun ló sì ṣòro fún mi jù láti kọ.

Wọ́n ta ilẹ̀ wọn ní Ìfọ̀, ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn rántí gbogbo ẹni tí àwọn fi ẹnu ara àwọn sọ fún pé kó fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èrò báńkì, wọn ò lágbára ìyẹn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá mú wọlé nìkan. Owó náà ò tó, ìba díẹ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. A fi sínú àpòòwé, èmi àti Bàbá sì ń gbé e kiri láti ilé dé ilé.

Kì í ṣe owó ló bà mí lẹ́rù. Níbi tí a bá dé, Bàbá á fún wọn ní àpòòwé, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, níwájú ẹni tó jẹ́ ọmọ fún wọn! Mẹkáníìkì yẹn fò dìde, ó gbá wọn mú lábíyá. "Háà, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ kó bá mi ni? Ẹ dìde, ẹ dìde, ó ti tán!" Bákan náà ló rí nílé kejì, nílé kẹta, nílé ogún. Orúnkún Bàbá ò tíì tẹ̀ tán tí wọ́n á ti gbé wọn sókè. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbé Bàbá sókè.

Ti Màmá Tọ́pẹ́ la ṣe gbẹ̀yìn. A bá a nínú ilé rẹ̀ tí kò ní páànù. Ó ta tapólínì bo yàrá kan, abẹ́ rẹ̀ ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Ó rí wa, kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Bàbá gbé àpòòwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó ń rán. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ tilẹ̀, wọ́n nà gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀. Mo dúró kí Màmá Tọ́pẹ́ fò dìde. Kò dìde. Máṣíìnì dákẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé Bàbá.

"Ẹ má dìde, Bàbá," ni obìnrin náà wí. Kò pariwo. "Mo fẹ́ wò yín díẹ̀ níbẹ̀."

"Àbẹ̀kẹ́, fi mí sílẹ̀," ni Bàbá wí láti ilẹ̀.

Màmá Tọ́pẹ́ wá wò mí. "Ìwọ náà, sísítà." Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

Ó ní, "Tí òjò bá rọ̀, ìdúró ni èmi àtàwọn ọmọ mi ń wà títí á fi dá. Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀."

"Mo ní bẹ́ẹ̀," ni Bàbá dáhùn.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò béèrè."

"Kí ló dé tí ẹ ò béèrè?"

Mo ń gbọ́ èémí Bàbá lórí yẹ̀pẹ̀. Wọ́n ní, "Àga náà dùn ún jókòó."

Màmá Tọ́pẹ́ mú àpòòwé náà, ó tì í sábẹ́ aṣọ, ó fa okùn kan já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sórí máṣíìnì. Kò ní kí Bàbá dìde. A dúró de ọ̀rọ̀ náà títí, kò wá. Bàbá ló rọra fọwọ́ ti ilẹ̀, mo gbé wọn lápá, a jáde láì sí ẹni tó ní ó dàbọ̀.

A jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan létí títì ní Mọ̀wé, à ń retí mótò tó ń lọ sí Ìbàfò. Yẹ̀pẹ̀ wà ní gbogbo iwájú kakí Bàbá, ó wà ní irùngbọ̀n wọn. Inú ń bí mi. Mo ní kò yẹ kí obìnrin yẹn ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn, mo ní kò sí ẹlòmíràn nínú gbogbo àwọn tí a lọ bá tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn.

Bàbá ò gbọn yẹ̀pẹ̀ náà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Má bú u. Àwọn yòókù ò jẹ́ kí n dé ilẹ̀."